Àwọn Ìkòkò Tí Atọ́wò Fi Ahọ́n Kàn

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ní ọdún tí wọ́n yọ eyín tó ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ ẹnu mi. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá dókítà eyín, èmi, obìnrin kan tó sanra tó sì ń dápàárá, àti arúgbó kan tó ń fi ìgò omi rọ ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bomi rin òdòdó. Mo kí arúgbó náà, ó mi orí. Mo tún kí i. Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá kì í dáhùn mọ́. Kì í ṣe ìgbéraga." Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Níbi tí kò bá ti mọ bó ṣe rí, arúgbó náà á gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, á sì nà án sí mi. Èyí tí mo gbọ́ àti èyí tí mo kà ni mo dà pọ̀ síbí. N kò bù mọ́ ọn. Kí ni mo fẹ́ bù mọ́ ọn tí yóò burú jù ú lọ?

Atọ́wò ni wọ́n ń pe arúgbó náà níbi iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ yàrá ìkẹ́rùsí mùsíọ̀mù kan. Abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá náà wà. Ènìyàn á sọ àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún kalẹ̀, á ti ilẹ̀kùn irin, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti inú ẹ̀rọ jáde á gbá a lójú. Pẹpẹ irin ló tò láti ògiri dé ògiri, orí pẹpẹ ni ìkòkò wà, fóòmù aláwọ̀ eérú sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kì í ṣe ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n hú nínú ilẹ̀ o. Iṣẹ́ àwọn amọ̀kòkò ìsinsìnyí ni, àwọn tó ṣì ń jẹun àti àwọn tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n kú: ìkòkò ọlọ́rùn méjì, àwo tó tẹ̀ bí etí erin, ìṣà tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, òmíràn tó rí bí bàtà, òmíràn tí kò jọ nǹkan kan lábẹ́ ọ̀run. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òjìlélẹ́gbẹ̀ta. Nínú wọn, méjìlélógún péré ni ojú aráàlú rí rí.

Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Atọ́wò kò fara sin. Bí ìkòkò tuntun bá dé, kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà sí i nídìí, Atọ́wò á dojú rẹ̀ délẹ̀, á nu ibi tí wọn kò kùn, á sì fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án. Ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìkòkò tí iná jẹ dénú kì í mú ahọ́n, bí ìgbà tí ènìyàn lá gíláàsì ni. Èyí tí iná kò jẹ tó á fa itọ́ mu, á sì lẹ̀ mọ́ ahọ́n pinpin. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ ìkòkò tó lè fara da omi àti èyí tí yóò máa bó bí wọ́n bá nù ún lánùjù. Ó ń kọ ọ́ sórí káàdì ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Kò mú ahọ́n," tàbí "Ó mú ahọ́n." Ìwà ọ̀bùn ni lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò ṣì í rí.

Obìnrin tó ń tọ́jú ilẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Garawa, òun náà ni obìnrin orí bẹ́ǹṣì tó ń sọ ìtàn yìí fún mi, kò yéé fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ẹ ò lè máa lá ìyàwó ilé yín báyìí, ìkòkò oníkòkò lẹ ń lá."

"Èyí tó wà nílé, iná ti jẹ ẹ́ jù. Kò mú ahọ́n mọ́."

"Màá sọ fún un!"

"Sọ fún un. Òun náà mọ̀."

Àbúrò Atọ́wò obìnrin, ọmọ ìyá kan náà, amọ̀kòkò ni. Ìkòkò mọ́kànlá ló mọ ní ọdún tí àìsàn kò jẹ́ kó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́. Orí ìjókòó ló ti mọ wọ́n, kò sì ní agbára láti ṣọ́ iná tó. Atọ́wò ló gbé wọn wá sí mùsíọ̀mù fúnra rẹ̀. Ó fi ahọ́n kan èkíní, ìkòkò náà gbá ahọ́n rẹ̀ mú débi pé ó ní láti fà á ya. Bẹ́ẹ̀ ni èkejì, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo mọ́kànlá. Ó tu ẹ̀jẹ̀ sínú áńkáṣíìfù. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń yan ìkòkò ti ní àwọn kò gba èyí tí iná kò jẹ mọ́. Atọ́wò mú bírò, ó kọ "Kò mú ahọ́n" sórí káàdì mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Irọ́ kan ṣoṣo tó pa lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyẹn.

Àbúrò rẹ̀ wà lórí ibùsùn nígbà tó padà lọ bá a. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á."

"Ṣé àwọn èèyàn á rí i?"

"Wọ́n á rí i. Gbogbo wọn ni wọ́n á rí."

Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú. Ó fi ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan sílẹ̀. Ìkòkò mọ́kànlá náà lọ sórí pẹpẹ kẹta lápá òsì, ọdún mẹ́rìndínlógún sì kọjá lórí wọn tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè wọn. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá di aránṣọ. Bó bá rí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í: "Bàbá mi, ìgbà wo la máa rí nǹkan Màámi?" Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká Atọ́wò lára ju kó gbọ́ èébú lọ.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá tuntun dé sí mùsíọ̀mù, Màdáàmù kan tó máa ń rìn kíákíá bí ẹni tí ìkòkò ń jó lórí iná. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá ìkẹ́rùsí, ó wo pẹpẹ, ó wo Atọ́wò.

"Bàbá, òjìlélẹ́gbẹ̀ta ìkòkò, méjìlélógún làwọn èèyàn rí. Ta la wá ń kó ìyókù pamọ́ fún? Eku?"

"Eku kì í dé ibí, Màdáàmù."

"Ẹ ṣeun. Ìyẹn ni pé eku gan-an ò rí i."

Ó ní òun máa ṣí yàrá náà sílẹ̀ fún aráàlú. Wọ́n á gbé tábìlì kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ á sọ nọ́ńbà ìkòkò tó wù ú, wọ́n á gbé e wá fún un, á jókòó tì í, á sì fi ọwọ́ lásán gbá a mú, nítorí ìbọ̀wọ́ máa ń yọ̀. Atọ́wò ti la ẹnu láti kọ̀ jálẹ̀. Olórí kunkun ni, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohun tó wà ní ìkáwọ́ òun. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣèèṣì lọ sí pẹpẹ kẹta lápá òsì. Ó pa ẹnu dé. Ó ní, "Ó dáa, Màdáàmù."

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ṣí i. Èrò wá. Olùkọ́ kan kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan bèèrè àwo kan, ó yí i po fún wákàtí kan gbáko, ó ń mi orí. Àwọn kan ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò dé ìgúnpá. Àwọn kan ki imú bọ̀ ọ́, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Inú Màdáàmù dùn dé ẹ̀yìn. Ìkòkò mẹ́tàlélógójì ni wọ́n bèèrè lọ́jọ́ náà, kò sì sí èyí tó fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Atọ́wò gbé ìṣà aláwọ̀ sánmà kan kúrò lójú ọ̀nà. Ìṣà náà wúwo jù bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Nǹkan kan mì pẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nǹkan yíyọ̀ kan lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fa ọwọ́ yọ, nǹkan náà tẹ̀lé e, ó fà yọ̀ọ̀ láti ìka rẹ̀ dé etí ìṣà, kò já. Ìfófòó funfun wà lórí rẹ̀. Ó sì ń rùn bí ẹnu tí ènìyàn pa dé láti alẹ́ títí di àárọ̀.

"Ìyá Garawa!"

Obìnrin náà wá, ó wo inú ìṣà, ó wo ọwọ́ Atọ́wò, ó fò sẹ́yìn.

"Itọ́ ni! Wọ́n tutọ́ sí i! Ẹ wo ìwà ẹranko. Bàbá, mo ti fọ ilé ìgbẹ́ ọgọ́ta èèyàn, kò rí mi lára tó báyìí."

Wọ́n wo òmíràn. Itọ́ ni. Wọ́n wo òmíràn. Nígbà tí wọ́n fi máa wò ó tán, ìkòkò mẹ́tàlélógójì ló ní itọ́ nínú, ó jìn tó ìka kan ní òmíràn, ó jìn tó ìka mẹ́ta ní òmíràn. Atọ́wò kó káàdì àná jọ, ó fi wé ara wọn. Àwọn tí aráàlú fọwọ́ kàn gẹ́lẹ́ ni. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè, inú rẹ̀ gbẹ bí ẹ̀rùn. Ìyá Garawa fi aṣọ di imú, ó ń da itọ́ sínú garawa, ó ń ṣépè.

Lọ́jọ́ kejì yẹn, wọ́n ṣọ́ àwọn àlejò. Atọ́wò dúró ní igun kan, Ìyá Garawa ní igun kejì, ó di ọ̀pá ìnulẹ̀ mú bí ẹni di ọ̀kọ̀. Ọkùnrin kan wúkọ́ lórí àwo. Ìyá Garawa ti dé orí rẹ̀.

"Ẹ gbé e mì! Ẹ gbé e mì níbẹ̀ yẹn!"

"Kí ni mo ṣe? Mo kàn wúkọ́ ni!"

"Ẹ wúkọ́ sílé yín!"

Kò sí ẹni tó tutọ́. Atọ́wò lè búra. Síbẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìkòkò mọ́kànléláàádọ́ta ló kún. Àwọn ti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì tún bèèrè, gbígbẹ ni wọ́n wà. Màdáàmù sọ̀ kalẹ̀ wá, ó fi ọwọ́ bo imú, ó ní ó dà bíi pé ẹ̀rọ ló ń da omi inú afẹ́fẹ́ sílẹ̀.

Ìyá Garawa ní, "Omi inú afẹ́fẹ́ kì í fà yọ̀ọ̀ bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀, Màdáàmù."

"Èmi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jáde níbí. Bó bá jáde, kí n tilẹ̀kùn yìí ló kù. Ẹ fọ̀ ọ́."

Wọ́n fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ẹnu Atọ́wò ti ń gbẹ. Ó bu búrẹ́dì jẹ, búrẹ́dì náà dúró lẹ́nu rẹ̀ bíi lẹ́búlẹ́bú pákó. Ó mu omi tì í. Ó ní àgbà ló ń dé.

Ní ọjọ́bọ̀, Ìyá Garawa gbé garawa jáde lọ dà nù. Atọ́wò nìkan ló kù níwájú àwo funfun kan tó kún. Ohun tó wá ṣe, mo gbà pé kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tí yóò ṣe é. Gbogbo wa, bí a bá rí itọ́ tí a kò mọ ẹni tó ni ín, à á sá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti sọ ọ́ di bárakú fún un pé ohun tí ojú kò bá mọ̀, ahọ́n á mọ̀ ọ́n. Ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ó fi kan ahọ́n.

Kànáfùrù.

Ó dúró. Ó tún tọ́ ọ wò. Kànáfùrù ni. Láti ọdún méje ni eyín ẹ̀yìn kan ti ń dùn ún, kànáfùrù ló sì máa ń jẹ sí i láàárọ̀. Ó yọ káàdì àwo náà wò: ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló wọlé. Ó lọ sí ìkòkò ọlọ́rùn méjì, ó tọ́ ọ wò. Ó korò bí òògùn ibà. Káàdì rẹ̀ sọ ọdún àti oṣù, ó sì rántí oṣù náà dáadáa, oṣù tí ibà dá a dùbúlẹ̀ tó sì ń ti orí ibùsùn wá síbi iṣẹ́. Ó tọ́ ẹ̀kẹta wò: áṣáà. Ó ti tó ogún ọdún tó ti fi áṣáà sílẹ̀. Ó wo káàdì. Ọdún kan kí ó tó fi í sílẹ̀ ni.

Atọ́wò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Itọ́ ara rẹ̀ ló ń tọ́ wò. Itọ́ ọdún márùn-ún, itọ́ ọdún méjìlá, itọ́ ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó ń tọ́ ìkòkò wò, ìkòkò náà ń tọ́ ọ wò. Wọ́n ti fi í sẹ́nu nínú òkùnkùn láti ọjọ́ yìí wá, wọn kò gbé e mì, wọn kò pọ̀ ọ́. Nígbà tí ojú àti ọwọ́ ènìyàn dé bá wọn, wọ́n wá ń fa ìyókù. Ó fẹ́ tutọ́ ẹ̀gbin náà dànù, kò rí itọ́ tu.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n bèèrè lọ́jọ́bọ̀ yẹn, mẹ́ta wà tí káàdì wọn sọ pé "Ó mú ahọ́n." Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Atọ́wò wo inú wọn. Itọ́ kò sí níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni awọ kékeré kan wà, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó funfun ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì pọ́n, ó sì rí ṣákiṣàki. Ó lọ síwájú jígí ní ilé ìwẹ̀. Ó yọ ahọ́n síta. Ojú mẹ́ta ló ti bó lára rẹ̀. Kò dùn ún, kò sì ṣẹ̀jẹ̀. Bó ṣe ń wo ara rẹ̀ lọ́wọ́, eyín kan yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó bọ́ sínú báséènì, ó dún kín.

Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò tún ní ìtumọ̀ méjì. Ìkòkò tí kò mú ahọ́n, itọ́ ló ń gbà. Èyí tó mú ahọ́n, ẹran ló ń gbà. Kò sì sí ìkòkò tó mú ahọ́n rẹ̀ rí bíi mọ́kànlá tó wà lórí pẹpẹ kẹta.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà ni aránṣọ wọlé. Ó gbé aṣọ dúdú mọ́kànlá dání, tó ti ṣẹ́ etí wọn, fún ìdí ìkòkò ìyá rẹ̀. Màdáàmù ti fún un ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta láti fi ṣàfihàn wọn. Ó ti pe àwọn ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, ó ti pe àwọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ, ó ti pe ẹni tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn.

"Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀ o. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

"Kí ni màá sọ?"

"Ẹ sọ bó ṣe rí. Èmi ò rántí ohùn rẹ̀ mọ́." Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ̀bi. "Kí lẹ fi ń wò mí báyìí? Ẹ ò jẹun? Ẹnu yín ti bó."

"Oòrùn ni."

"Oòrùn wo lábẹ́ ilẹ̀?"

Nígbà tó lọ, Atọ́wò pe Ìyá Garawa, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí. Ó yọ ahọ́n hàn án. Obìnrin náà kò dápàárá lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ lọ bá Màdáàmù báyìí. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ fi ẹnu kàn án. Kí wákàtí kan tó pé, á ti tilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà rí i pé èyí tẹ́nì kankan ò bá wò kì í ṣe nǹkan kan."

"Bó bá tilẹ̀kùn, kò ní ṣí i mọ́."

"Kó má ṣí i mọ́! Ìkòkò ni, Bàbá. Ẹran ara yín lẹ ń fi wé e yìí."

"Mo ti ṣèlérí."

"Òkú lẹ ṣèlérí fún."

"Kò tíì kú nígbà tí mo ṣe é."

"Ẹ wá gbé mẹ́ta síta. Ẹ fi mẹ́jọ pamọ́. Ta ló máa kà á?"

"Ọmọ rẹ̀ á kà á. Aṣọ mọ́kànlá ló rán." Ó dìde. "Má da ara rẹ láàmú. Àwọn kan wà tí wọ́n ní ahọ́n títí wọ́n fi kú tí wọn ò fi sọ nǹkan gidi kan."

Ìyá Garawa sọ fún mi pé inú bí òun débi pé òun fẹ́ gbá a létí. Ẹni olórí kunkun, bí wọ́n bá gún un nínú odó, á ní kí wọ́n fi ata sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n to ìkòkò mọ́kànlá náà sórí tábìlì gígùn. Wọ́n dúdú, wọ́n pọ́n díẹ̀ lápá kan, wọn kò dán. Kò sí èyí tó dúró gbagidi nínú wọn, gbogbo wọn ló fì díẹ̀ bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan. Àtàǹpàkò àbúrò Atọ́wò sì hàn léjìká ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti tẹ amọ̀ tútù mọ́lẹ̀ láti fi gba ìsinmi. Àwọn èèyàn wọlé pẹ̀lú ariwo, wọ́n rí i, ariwo náà kú.

Atọ́wò sọ̀rọ̀. Ó ti mu omi ìgò méjì kí ó tó lè gbé ahọ́n. Ó sọ bí àbúrò rẹ̀ ṣe máa ń jà bí wọ́n bá pè é jẹun nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú amọ̀. Ó sín ohùn rẹ̀ jẹ, ohùn tínrín tó máa ń lọ sókè níparí ọ̀rọ̀, aránṣọ sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo purọ́ sórí káàdì wọn. Iná ò jẹ wọ́n. Wọ́n mú ahọ́n, wọ́n mú un gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àwọn kan sì ń nu ojú. Gbẹ́nàgbẹ́nà ọjọ́ Ajé wà láàárín wọn. Ó gbé ìkòkò kan, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ sí ojú àtàǹpàkò olóògbé, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ìkòkò kan nínú mọ́kànlá náà tí ọwọ́ tó ogún kò kàn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó wọn kúrò ńlẹ̀, aránṣọ gbé èyí tó kéré jù lọ. Ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó yí i padà, ó sì fi ẹnu ko ìdí rẹ̀. Atọ́wò rí i láti òdìkejì tábìlì, ó na ọwọ́, ó pariwo, kò dé ibẹ̀.

Aránṣọ fa ẹnu yọ, ó fi ìka kan ètè, ó rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá mi. Ó mú mi lẹ́nu."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ìyá Garawa bá Atọ́wò níwájú pẹpẹ kẹta. Ó fi aṣọ inura di ẹnu. Ó nawọ́ sí àwọn ìkòkò náà. Ìyá Garawa wo inú èkíní.

Ègé ẹran kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó pọ́n fẹ́ẹ́, ó tutù, ó ń dán. Ó ń mì. Ó ń fi ṣóńṣó rẹ̀ kan ògiri ìkòkò, á kàn án, á kúrò, á tún sún síwájú díẹ̀, á tún kàn án, bí ohun tó ń wá ibi tí iná kò jẹ. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yàrá yẹn, wọ́n ń gbọ́ ọ: tẹ́, tẹ́, tẹ́. Ìyá Garawa bi sínú garawa ara rẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, Atọ́wò ti ṣí aṣọ inura, ó la ẹnu kó lè rí i. Inú ẹnu náà gbẹ, ó mọ́, kò sí ojú egbò kankan níbẹ̀, bíi pé nǹkan kan kò fìgbà kan wà níbẹ̀ rí.

Ó fi ṣíbí gbìyànjú láti yọ wọ́n. Wọn kò ṣe é yọ, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ amọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọn kò mì mọ́, wọ́n sì ti gba àwọ̀ ìkòkò. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Yàrá náà ṣì wà ní ṣíṣí, ìwé ìròyìn ti kọ nípa rẹ̀, èrò ń wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìkòkò mọ́kànlá yẹn ni wọ́n sì ń bèèrè jù. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka wọn á kan nǹkan nísàlẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wò bó ṣe rọ̀. Obìnrin yìí mọ iṣẹ́." Ìyá Garawa á yí ojú sí ògiri.

Atọ́wò gbà pé nígbà tí kò bá ti sí nǹkan tó kù lẹ́nu òun, ọ̀rọ̀ náà á tán. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí, gbogbo ìkòkò ibẹ̀ ni aráàlú ti rí, gbogbo wọn ló sì gbẹ. Àfi ọ̀kan. Èyí tó kéré jù lọ nínú mọ́kànlá máa ń ní itọ́ nínú ní àràárọ̀, ó mọ́ lóló, kò rùn, kò ní kànáfùrù, kò ní áṣáà. Itọ́ ọ̀dọ́ ni. Aránṣọ ń gbé ìgò omi kiri báyìí. Ó ní ooru ló ń mú.

Ìyá Garawa ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Màdáàmù pé kí wọ́n fọ́ ìkòkò náà. Màdáàmù ní ẹni tó bá fọ́ ọ yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá Garawa ní òun á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Atọ́wò ló dì í lọ́wọ́ mú. Kò mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú ìkòkò á jáde lọ ní àlàáfíà bó bá fọ́, tàbí á mú ìyókù aránṣọ dání lọ.

Ohun tó kọ kẹ́yìn sínú ìwé pélébé náà rèé, kí wọ́n tó pè mí wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Itọ́, garawa mẹ́rìnlélógún. Awọ ahọ́n, mẹ́ta. Ahọ́n, ọ̀kan, ní ègé mọ́kànlá. Eyín tirẹ̀, mẹ́tàdínlógún. Ìkòkò, kò sí èyí tó fọ́. Eyín ọmọ àbúrò rẹ̀, ọ̀kan, ti iwájú, láàárọ̀ àná.